Nígbà Tí Àrùn Bá Lọ Tán, Tí Imú Kò Sí Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ó rọrùn láti sọ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti ń yẹra fún un. Nígbàkúùgbà tí a bá jókòó láti pín owó àánú, tí ẹnì kan bá mẹ́nu kan aláìsàn tí àrùn ti jẹ imú tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí àwọn dókítà sì ní àwọn lè fi iṣẹ́ abẹ tún un ṣe, ohùn wa kì í ṣọ̀kan. Àwọn kan a ní kí a gbé owó sílẹ̀ kíákíá. Àwọn mìíràn a béèrè pé: ṣebí àrùn náà ti lọ? Ṣebí ó ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń jí? Kí ni ti imú mọ́? Wọn a ní owó Olúwa kò wà fún ríra ẹ̀wà, ìwà lẹwà.

Kì í ṣe ìbéèrè tí a lè fi ọwọ́ tì sẹ́yìn, nítorí àwọn tí ń béèrè rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dájú ènìyàn. Àwọn gan-an ni wọ́n ń ka owó náà. Wọ́n mọ iye opó tí ó wà nínú ìjọ, wọ́n sì mọ iye ọmọ tí owó ilé-ìwé ń lé kiri. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń jẹ imú ènìyàn, kí a mọ ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, kí a tó bi ara wa bóyá ojúṣe ni tàbí afẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tẹ̀, nítorí ìjọ wa ní ìtàn pẹ̀lú rẹ̀. Kòkòrò tí ń fa ẹ̀tẹ̀ fẹ́ràn ibi tí ó bá tutù lára, imú sì tutù ju inú ara lọ nítorí afẹ́fẹ́ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá tọ̀sán tòru. Láti inú ni ó ti ń ṣiṣẹ́. A jẹ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo inú imú, a jẹ egungun rírọ̀ tí ó dá ihò méjèèjì sọ́tọ̀, títí òpó tí ó gbé imú ró yóò fi wó. Awọ òde lè má ní egbò kankan, síbẹ̀ imú yóò rì sínú ojú bí òrùlé tí igi àjà rẹ̀ ti jẹrà. Èyí ni àwọn ènìyàn fi ń dá ẹni tí ẹ̀tẹ̀ mú mọ̀ láti òkèèrè, kí ó tó ya ẹnu rẹ̀ láti kí wọn.

Ní 1932 ni àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì dá ibùdó ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ní Uzuakoli, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Abia lónìí. Ṣáájú àkókò náà, òróró kan tí wọ́n ń gún sí àwọn aláìsàn lára bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ní, ìrora rẹ̀ pọ̀, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Dókítà Frank Davey, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ sì ni òun àti Dókítà John Lowe ti fi hàn ní ìparí àwọn ọdún 1940 pé oògùn dapsone, oníhóró tí kò wọ́n, lè dá ẹ̀tẹ̀ dúró. Ibẹ̀ kan náà ni Ikoli Harcourt Whyte, ẹni tí ẹ̀tẹ̀ mú láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ti kó ẹgbẹ́ akọrin jọ, tí ó sì kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìyìn ní èdè Ìgbò tí àwọn ìjọ ṣì ń kọ títí di òní. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni ó pa á ní 1977, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ola Rotimi fi ìtàn rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe eré orí ìtàgé tí ó pè ní Hopes of the Living Dead. A sọ gbogbo èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ òde ni a gbé wá sínú ìwé ẹgbẹ́.

Nígbà tí ó yá, kòkòrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbó mọ́ dapsone lọ́wọ́. Ní 1981, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa pa oògùn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, láti 1995 sì ni oògùn náà ti di ọ̀fẹ́ káàkiri ayé. Ẹni tí ó bá lò ó fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí irú ẹ̀tẹ̀ tí ó mú un, ara rẹ̀ ti dá. Kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè kó ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ní Nàìjíríà a ṣì ń rí ju 1,000 aláìsàn tuntun lọ lọ́dọọdún, bí wọ́n bá sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni imú wọn kò ní rì rárá. Ṣùgbọ́n oògùn tí ń pa kòkòrò kì í kọ́ òpó tí ó ti wó. Obìnrin kan lè ní ìwé dókítà lọ́wọ́ pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì máa jẹ́rìí lòdì sí ìwé náà níbi gbogbo tí ó bá dé. Èwo ni àwọn aládùúgbò yóò kà nínú méjèèjì? Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n.

Àrùn kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní noma. Ọmọ kékeré ni ó máa ń mú jù, láti nǹkan bí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà, ọmọ tálákà tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ, tí ibà tàbí èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ bí egbò kékeré ní ẹran ìdí eyín, ẹnu a máa rùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a wú. Láàrin ọjọ́ mélòó kan péré, ẹran ojú a di dúdú, a sì ré bọ́: ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè, imú, nígbà mìíràn títí dé abẹ́ ojú. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè pa tó mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá. Kì í ranni. Bí a bá sì bá a níbi egbò ìdí eyín yẹn, oògùn tí ń pa kòkòrò, omi iyọ̀ láti fi fọ ẹnu, àti oúnjẹ aṣaralóore tó láti dá a dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Enwonwu kọ nípa rẹ̀ láàrin àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 1972, ó sì fi hàn bí àìjẹunre-kánú ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún un. Síbẹ̀, oṣù Kejìlá 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn àrùn tí a pa tì, lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti ṣíwájú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bẹ̀bẹ̀ fún un. Nínú ẹbí tí ó bá ti ṣẹlẹ̀, àjẹ́ tàbí èpè ni wọ́n sábà máa ń pè é. Ìyá ọmọ ni wọn yóò sì kọ́kọ́ wò lójú.

Àwọn ọmọ díẹ̀ tí wọ́n bá yè é ni ọ̀rọ̀ imú kàn. Kí a tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ó gbọ́dọ̀ pé oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kí ojú egbò tó jinná dáadáa, kí ara wọn sì ti le. Ilé ìwòsàn kan wà ní Sókótó tí wọ́n ṣí ní 1999 fún àwọn ọmọ tí noma bá jà. Ní 2014 ni àjọ Médecins Sans Frontières bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ aláìsàn. Mulikat Okanlawon, ẹni tí noma mú ní kékeré, wà lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ìfarapamọ́ ó di òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn náà, òun àti Fidel Strub sì dá ẹgbẹ́ Elysium sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n la noma já. A dárúkọ rẹ̀ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti jáde sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ní gbangba. Àìmọye ni kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe imú? Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, kí a má baà máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àtíkè ni. Imú ní nǹkan mẹ́ta: awọ inú tí ó tutù, egungun tí ó gbé e ró, àti awọ òde. Bí dókítà bá ṣe awọ òde nìkan, yóò sún kì, yóò sì padà wó. Fún ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ba imú rẹ̀ jẹ́, awọ inú ni ó sọnù jù, nítorí náà Harold Gillies, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tún ojú àwọn sójà ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, mú ọ̀nà kan wá láti fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a bó láti ibòmíràn lára tẹ́ inú imú, kí imú tí ó ti sún kì lè nà padà. Egungun lè wá láti ìhà tàbí láti etí. Awọ òde sì sábà máa ń wá láti iwájú orí. Wọn a gé e ní ìwọ̀n imú, ṣùgbọ́n wọn kì í gé e kúrò tán. Wọn a fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpéǹpéjú níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ́ ọ, wọn a wá yí i wálẹ̀ bo imú. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aláìsàn yóò máa gbé kiri pẹ̀lú okùn ẹran tí ó so iwájú orí mọ́ imú, bí ìwọ́ ọmọ tuntun, títí imú tuntun yóò fi ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Nígbà náà ni wọn yóò tó gé okùn náà. Kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí noma bá jà lè ṣe iṣẹ́ abẹ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, páàpáà bí ẹnu rẹ̀ bá ti dì tí àgbọ̀n rẹ̀ kò lè ṣí. Ní ìgbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, àpá yóò wà ní iwájú orí, imú náà kò sì ní dà bí èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn. Imú ni yóò kàn jẹ́.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Láti ìgbà láéláé, kí a tó bí Olúwa wa, ni àwọn ará Íńdíà ti ń ṣe imú, a sì rí i nínú ìwé tí wọ́n kà sí ti Sushruta. Ohun tí ó mú kí wọ́n mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ bani nínú jẹ́: gígé imú jẹ́ ìjìyà ní ilẹ̀ wọn, pàápàá fún obìnrin tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn panṣágà kàn. Ní 1794, ìwé ìròyìn Gentleman's Magazine ti Lọ́ńdọ́nù gbé ìtàn Cowasjee jáde, ọkùnrin tí ń da màlúù akẹ́rù fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ènìyàn Tipu Sultan gé imú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ kan. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ọkùnrin kan láti ìdílé àwọn tí ń mọ bíríkì fi awọ iwájú orí ṣe imú fún un. Joseph Carpue ka ìtàn náà ní Lọ́ńdọ́nù, ní 1814 ó sì fi ọ̀nà yìí ṣe imú fún ọ̀gágun kan tí imú tirẹ̀ bàjẹ́ nítorí oògùn mercury tí wọ́n fún un nígbà àìsàn. Ó ti tó igba ọdún ṣáájú Carpue tí Gaspare Tagliacozzi ní ìlú Bologna ti gba ọ̀nà mìíràn: awọ apá ni ó ń lò. A so apá aláìsàn mọ́ ojú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí awọ náà tó mú. Ní 1597 ó kọ ìwé ńlá lé e lórí, ó sì fi iṣẹ́ náà wé bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń fi ẹ̀ka igi eléso kan so mọ́ kùkùté òmíràn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní Yúróòpù.

Kí ló dé tí ó fi kú? Ìdí pọ̀, ó sì dájú pé ìrora rẹ̀ wà lára wọn, nítorí oògùn ìpanilórun kò tíì sí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti nǹkan bí 1495 ni àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis ti tàn ká Yúróòpù, ó sì máa ń jẹ egungun imú. Bí ènìyàn bá ti pàdé ẹni tí kò ní imú, ó ti mọ ohun tí yóò rò. Imú tí kò sí di ìdájọ́ tí a kọ sí ojú. Lójú irú àwọn bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá tún un ṣe ń bo àṣírí ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá àrùn mìíràn ni, tàbí bóyá ọkọ ni ó kó o wálé fún ìyàwó rẹ̀, tàbí bóyá ọmọ ni ó bá a wáyé. (Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ mọ ìtumọ̀ ohun tí a ń sọ yìí.)

Ẹ má jẹ́ kí a fi àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín. Àwa náà ń ka ojú ènìyàn bí ìwé ìdájọ́. Ní ìgbàanì, ẹ̀yìn ìlú ni ẹni tí ẹ̀tẹ̀ mú ń gbé, wọn kì í sì í sin òkú rẹ̀ sílé bí ti àwọn yòókù. Òwe wa pàápàá kò dá wọn sí: à ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín pé adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè da wàrà nù. Ta ni nínú wa tí ó ti pa òwe náà rí, tí ó rántí pé ó lè wà ní ìjókòó ẹ̀yìn ẹni tí ìka rẹ̀ kò pé? Ìwé Léfítíkù orí 21 náà ka ẹni tí imú rẹ̀ lábùkù mọ́ àwọn ọmọ Árónì tí kò gbọdọ̀ súnmọ́ pẹpẹ láti rúbọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fún un ní àyè láti jẹ nínú oúnjẹ mímọ́. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù pàápàá, nígbà tí wọ́n rí afọ́jú nínú Jòhánù orí 9, ìbéèrè wọn àkọ́kọ́ ni ta ni ó ṣẹ̀. Olúwa kò gbà á. Ó yí ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ẹ̀bi, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nísinsìnyí a lè padà sí ọ̀rọ̀ ìwà lẹwà. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, a kò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí àwọn àgbà ń sọ ọ́ fún. Arẹwà tí ń fi ojú rẹ̀ gbéra ga ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, kí ó má baà rò pé ojú tó. A kò gbọ́ rí pé àgbà kan tí imú tirẹ̀ pé wò ojú ẹni tí kò ní imú, kí ó wá sọ fún un pé ìwà lẹwà. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu ni ó fi dí i. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ lè sọ ọ́, kí ó sì jẹ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́nu tiwa, ìdí tí a kò fi ní tu owó sílẹ̀ ni.

Àwọn kan tún ń da iṣẹ́ abẹ yìí pọ̀ mọ́ ara bíbó, èyí tí a ti ń báni wí lé lórí nínú ẹgbẹ́ láti ọdún gbọ́nhan. Ẹ jẹ́ kí a ya wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ń bó ara fẹ́ kí wọ́n wo òun. Ẹni tí kò ní imú fẹ́ kí wọ́n yé wo òun. Kì í tọrọ ju pé kí òun lè wọ ọjà, kí òun ra ata, kí òun san owó, kí òun sì jáde, láìsí pé ọmọdé kan bú sẹ́kún tàbí ìyá alátà ju ṣéńjì sílẹ̀ kí ọwọ́ má baà kan ọwọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn Yorùbá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àrùn gba ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni ó gbà lẹ́nu rẹ̀, nítorí kí ó tó sọ ohun tí ó fẹ́ sọ, wọ́n ti gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ sọ.

A mọ̀ pé ó rọrùn láti gbèjà iṣẹ́ abẹ yìí pẹ̀lú ohun tí imú ń ṣe. Òótọ́ ni pé imú ń mú kí afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó sì ń yọ eruku kúrò kí ó tó dé àyà. Òótọ́ ni pé ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lu kì í lè pa oúnjẹ mọ́ ẹnu, itọ́ a máa dà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní já geere. Bí a bá fẹ́ fi ìyẹn yí àwọn akápò wa lọ́kàn padà, a lè ṣe é. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé. Bí imú kò bá tilẹ̀ wúlò fún ohun kan ju pé ó wà lójú, a ṣì gbà pé ó tọ́ láti tún un ṣe. Nínú Máàkù orí kìíní, nígbà tí Olúwa wo adẹ́tẹ̀ sàn, ó kọ́kọ́ na ọwọ́ kàn án, nígbà tí kò sí ẹni tí ń fi ọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni ó rán an lọ fi ara hàn àlùfáà. Kí ni ó tún fẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà? Ṣebí ara ti dá? Ó fẹ́ kí a gbà á padà sáàrin ìlú ni. Ìwòsàn tí ó dúró sórí awọ, tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé, kò tíì parí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ tí ó le jù wà, a kò sì ní fò ó. Bí ó bá jẹ́ pé àwa tí a ní imú ni a ń sá fún ẹni tí kò ní, ta ni ó yẹ kí a tún ṣe? Ṣé kí a fi ọ̀bẹ gé iwájú orí obìnrin aláìṣẹ̀ nítorí kí àwa lè jókòó tì í láìsí ìbẹ̀rù? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àrùn tiwa ni a ń fi ara rẹ̀ wò. Paul Brand, dókítà ọmọ míṣọ́nnárì tí ó ṣiṣẹ́ ní Vellore ní Íńdíà, rí èyí. Ní ìparí àwọn ọdún 1940 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọwọ́ àwọn tí ẹ̀tẹ̀ bá jà ṣe, nígbà tí ó yá ó tún imú àti ìpéǹpéjú ṣe pẹ̀lú. Àwọn kan padà wá bá a pé ọwọ́ tuntun náà ti ba iṣẹ́ agbe jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́: kò sí ẹni tí ó fún wọn ní ọrẹ mọ́, kò sì sí ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́, nítorí gbogbo ayé ṣì mọ̀ wọ́n sí adẹ́tẹ̀. Ó di dandan kí ó dá ibì kan sílẹ̀ tí wọ́n ti lè kọ́ṣẹ́ ọwọ́.

Nítorí náà a kò gbà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ní kí a kàn wàásù fún ìjọ kí wọ́n yé sá, kí a sì fi imú sílẹ̀. Ìwàásù náà dára, ó sì yẹ kí a ṣe é ní ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ọkàn gbogbo ìlú yóò yí padà? Ọmọ ọdún méje tí ó fi ìbòrí bo ojú kò lè dúró dè wá títí a ó fi di ènìyàn rere. Ó ní ilé-ìwé láti lọ. Bákan náà ni a kò gbà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n rò pé bí a bá ti san owó iṣẹ́ abẹ, a ti bọ́ nínú gbèsè. Bí ó bá fi imú tuntun wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí a ṣì fi àyè sílẹ̀ láàrin òun àti àwa lórí ìjókòó, iṣẹ́ abẹ tí ó kù kì í ṣe ti dókítà mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Àwọn akápò wa ń pa òwe fún wa pé a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa lápálàpá. Wọ́n ní owó ọkọ̀ àti oúnjẹ tí yóò gbé ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ dé Sókótó, tí yóò sì mú wọn dúró níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, lè bọ́ àwọn ọmọ púpọ̀ tí kò ní jẹ́ kí noma mú wọn rárá. Wọn kò purọ́. Iṣẹ́ abẹ jẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ìyá tí ó bá tẹ̀lé ọmọ yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, àwọn ọmọ yòókù yóò sì wà nílé. Ìjọ wa sì ti fi ẹsẹ̀ ọ̀nà kejì yẹn lélẹ̀ tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild wa ní Iléṣà, lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún níbẹ̀. Ó ń wọ̀n wọ́n, ó ń fún ìyá ní káàdì tí yóò fi mọ̀ bóyá ọmọ ń sanra tàbí ó ń rù, ó sì rí bí èéyi ṣe ń pa ọmọ tí ebi ti mú lágbára kúrò. Ọmọ tí ó jẹun kánú, tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi, tí wọ́n sì ń fọ ẹnu rẹ̀, kò ní bá noma pàdé.

Bí owó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí a sì gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan, a kò ní bá akápò jà bí ó bá yan àwọn ọmọ tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n a ní ìbẹ̀rù kan nípa ìṣirò yẹn. Ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ noma lónìí kò ní ojú tí a lè mọ̀, nítorí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí i kò ṣẹlẹ̀. Obìnrin tí ó wà níwájú wa ní orúkọ, ó sì mọ̀ pé a mọ òun. Kí a wò ó lójú, kí a sọ fún un pé owó rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ní ìrètí jù ú lọ, ìyẹn kọjá ìṣirò. Ohun tí àwọn ẹ̀ka kan lè ṣe ni pé kí wọ́n má kó owó méjèèjì sínú àpò kan: kí owó oúnjẹ àti àjẹsára máa wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni, kí owó aláìsàn ojú sì jẹ́ ìkójọ ọ̀tọ̀, nígbà tí ó bá dé. Ó lè má tó. Ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí a ń fi ẹnì kan gbá lẹ́yìn nítorí èkejì.

Kí a má sì gbàgbé pé ojú náà kì í ṣe tiwa. Nínú ìtara wa a lè fẹ́ tún ẹni tí kò bẹ̀ wá ṣe, kí a ya fọ́tò rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìsọfúnni, kí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èyí kò dára. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ́dọ̀ ẹ̀ka yín, kí ẹ jókòó tì í níbi tí kò sí èrò, kí ẹ sọ òtítọ́ nípa àpá iwájú orí, nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú okùn ẹran lójú, nípa iye ìgbà tí yóò wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí òun fẹ́. Àwọn kan yóò ní imú ni. Àwọn kan yóò ní kí àgbọ̀n àwọn kọ́kọ́ ṣí, kí àwọn lè jẹ iyán. Ẹni tí wọ́n ti gé tí wọ́n ti rán lẹ́ẹ̀mẹrin lè ní ó tó gẹ́ẹ́, òun kò fẹ́ dókítà mọ́. Ìyá àgbàlagbà kan sì lè wo gbogbo yín yíká, kí ó ní òun ti mọ ojú òun, ẹ̀rọ ìránṣọ ni òun fẹ́. Ẹ rà á fún un, ẹ má sì fajú ro.